Oyè Yunifásítì Nínú Iṣẹ́ Olùkọ́ àti Ìdarí Eré Ìdárayá: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Òbí Mọ̀

Nígbàkígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bíi tiwa bá ń ṣe àjọ̀dún, àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde a máa ka àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ti di ènìyàn ńlá. A ó ka àwọn dókítà, a ó ka àwọn adájọ́ àti agbẹjọ́rò, a ó ka àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ àti àwọn tí wọ́n di ipò ìjọba mú. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò dìde láti ka iye àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ènìyàn lónìí. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹni ńlá wọ̀nyí tí kò gba ọwọ́ olùkọ́ kọjá. Bí a bá sì wo inú ilé àwa fúnra wa, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ni yóò yọ̀ bí ọmọ rẹ̀ bá wọlé tí ó wí pé yunifásítì ti gba òun láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ohun tí púpọ̀ nínú wa yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé wọn kò fún ọ ní ti òfin tí o béèrè ni?"

Ìbéèrè yẹn ni ó mú kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ òbí kò kórìíra iṣẹ́ olùkọ́; wọn kò mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ náà ni. Èrò wọn ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mọ̀wé lè kọ́ni, àti pé ẹni tí kò rí nǹkan gidi mú ni ó ń lọ gba oyè nínú ìkọ́ni. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí oyè náà jẹ́, ibi tí ó ti wá, àwọn ẹ̀ka rẹ̀, títí kan ẹ̀ka ìdarí eré ìdárayá tí a sábà máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀, àti àwọn ọ̀nà tí ọmọ lè gbà dé ibẹ̀. Ìpinnu tí a bá ṣe nínú ilé wa lónìí ni yóò sọ irú ẹni tí yóò dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní ogún ọdún sí i.

Láti ọwọ́ Ìjọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀

Kí yunifásítì tó dé ilẹ̀ wa ni Ìjọ ti mọ̀ pé a kì í ṣàdédé di olùkọ́. Ó ní bí a ti ń kọ́ ọ. Ní ọdún 1827, àwọn míṣọ́nnárì CMS dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, láti kọ́ àwọn tí yóò jẹ́ olùkọ́ àti oníwàásù. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Kí ó tó di àlùfáà ní ọdún 1843, olùkọ́ ilé-ìwé ni. Ní ọdún 1853, CMS bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí lọ sí Èkó nígbà tí ó yá, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní ọdún 1896, níbi tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n sí St. Andrew's College. Àwọn Onítẹ̀bọmi dá tiwọn sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá Wesley College sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1905, a sì tún rí United Missionary College ní Ìbàdàn kan náà fún àwọn obìnrin. Nínú àwọn ọgbà wọ̀nyẹn, a kì í ya ìwé kúrò lára ìwà. Ẹni tí ó bá jáde níbẹ̀ lè kọ́ ìṣirò ní òwúrọ̀, kí ó kó àwọn ọmọ lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì tẹ dùùrù ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ọwọ́ àwọn olùkọ́ wọ̀nyí kò ká iṣẹ́ náà mọ́ nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Àwọn ọmọ ya wọ ilé-ìwé bí omi, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ tí wọ́n kọ́ṣẹ́ kò tó. Ní ọdún 1959, ìjọba àpapọ̀ yan ìgbìmọ̀ kan, tí Eric Ashby jẹ́ alága rẹ̀, láti wo irú ẹ̀kọ́ gíga tí Nàìjíríà yóò nílò. Ṣáájú àkókò náà, ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ olùkọ́ onídìgírì yóò kọ́kọ́ gba oyè nínú ẹ̀kọ́ kan, lẹ́yìn náà ni yóò tó lọ kọ́ bí a ti ń kọ́ni. Nínú àbọ̀ tí ìgbìmọ̀ náà jẹ́ ní ọdún 1960, wọ́n dábàá pé kí àwọn yunifásítì wa máa fún ni ní oyè kan tí yóò so méjèèjì pọ̀. Láti ibẹ̀ ni irú oyè tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti tàn kálẹ̀.

Lónìí, a ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní àwọn yunifásítì ńlá bíi ti Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó àti Ìlọrin. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, àwọn yunifásítì kan wà tí a dá sílẹ̀ nítorí ìkọ́ni gan-an. Èyí tí Tai Solarin fún ní orúkọ, ní Ìjagun nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni ó kọ́kọ́ di irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2005. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a rí ti Adeyemi ní Oǹdó, ti Emmanuel Alayande ní Ọ̀yọ́, àti ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé àlùfáà ni méjì nínú àwọn tí a fi orúkọ wọn sọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. Kánọ́nù Adeyemi ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Ondo Boys' High School. Ẹni-ọ̀wọ̀ Alayande ṣe ọ̀gá ní Ibadan Grammar School. Àwọn tí wọ́n ṣáájú wa kò rí iṣẹ́ olùkọ́ bí iṣẹ́ tí ó rẹlẹ̀ sí iṣẹ́ pẹpẹ.

Ìmọ̀ méjì nínú oyè kan

Bí ọmọ bá gba oyè yìí, ẹ ó rí ọ̀kan nínú àmì mẹ́ta lára ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. B.A.(Ed.) jẹ́ ti ẹni tí ó kọ́ bí a ti ń kọ́ni ní àwọn ẹ̀kọ́ bí èdè Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn tàbí ẹ̀kọ́ ìsìn. B.Sc.(Ed.) jẹ́ ti ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísìrì, ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí, ìmọ̀ ọrọ̀-ajé àti irú wọn. B.Ed. sì jẹ́ ti ẹni tí ìmọ̀ ìkọ́ni fúnra rẹ̀ jẹ́ òpómúléró ẹ̀kọ́ rẹ̀, bí àpẹẹrẹ ìṣàkóso ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ìtọ́sọ́nà àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìlò àwọn àmì wọ̀nyí lè yàtọ̀ díẹ̀ láti yunifásítì kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni ìpìlẹ̀ wọn.

Ìpìlẹ̀ náà ni pé ìmọ̀ méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń rù pọ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ ìkọ́ni nípa kẹ́mísìrì yóò jókòó nínú kíláàsì kẹ́mísìrì pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń kọ́ kẹ́mísìrì nìkan. Nígbà tí àwọn yẹn bá padà sí yàrá wọn, òun yóò kọjá lọ síbi tí a ti ń kọ́ nípa ìdàgbàsókè ọmọ, ìhùwàsí ẹ̀dá, ìtàn àti ọgbọ́n ìjìnlẹ̀ ẹ̀kọ́, bí a ti ń to ètò ẹ̀kọ́, bí a ti ń ṣe ìdánwò tí kò rẹ́ ọmọ jẹ, àti ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ náà kò kéré rárá.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan yé wa. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé èwo ni ó pọ̀ jù nínú ìdá mẹ́rin àti ìdá mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò wí pé ìdá mẹ́jọ ni. Ẹni tí ó mọ ìṣirò nìkan yóò fi àmì pupa sí i, yóò sì kọjá. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ìkọ́ni yóò mọ̀ pé ọmọ náà ronú kí ó tó dáhùn: òye rẹ̀ ni pé mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ, ó sì gbé òye yẹn wá síbi tí kò ti bá a mu. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ yóò mú búrẹ́dì méjì tí wọ́n dọ́gba, yóò gé ọ̀kan sí mẹ́rin, yóò gé èkejì sí mẹ́jọ, yóò sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé èwo ni ebi yóò mú kí ó nawọ́ sí. Láti ọjọ́ náà lọ, ìdá kò ní dẹ́rù ba ọmọ náà mọ́. Olùkọ́ méjèèjì mọ ìṣirò. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó mọ ọmọ tí ó ń ṣe ìṣirò.

Ìwé Nehemáyà jẹ́rìí sí èyí. Ẹ́sírà akọ̀wé ka ìwé òfin sí etí ìgbọ́ àwọn ènìyàn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Léfì ni wọ́n ń lọ láàrin wọn tí wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ kí ó lè yé wọn. Ìgbà tí ó yé wọn ni wọ́n sunkún, ìgbà náà ni wọ́n sì yọ̀. Àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run náà mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ bí yóò ti wàásù kí ìyá arúgbó tí ó jókòó ní ẹ̀yìn lè mú ohun kan lọ sílé.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde, a ó rán an lọ sí ilé-ìwé gidi láti lọ dán iṣẹ́ náà wò. Èyí ni àwọn ọmọ ń pè ní T.P. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń lọ kí wọ́n tó parí. Yóò kọ ètò iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ rẹ̀ láti yunifásítì yóò wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀, yóò jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì, yóò sì fún un ní máàkì. Bí oníṣègùn kò ti lè gba ìwé-ẹ̀rí láì dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, bẹ́ẹ̀ náà ni olùkọ́ kò lè gba tirẹ̀ láì dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé kò sí ìwádìí nínú ìmọ̀ yìí, kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, àwọn olùkọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe aṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn mìíràn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a wọn gbogbo wọn wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ títí dé òpin ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí a ti ń jíròrò lórí èdè tí ó yẹ kí a fi kọ́ ọmọdé tí a kì í ti í dárúkọ Ifẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tí wọ́n gba oyè nínú ìkọ́ni ni èyí.

Àwọn ẹ̀ka tí òbí kì í sábà gbọ́

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gba oyè yìí ni yóò dúró níwájú pátákó. Ẹ̀ka kan wà fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn kò tí ì tó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka kan wà fún ẹ̀kọ́ àwọn tí ojú, etí tàbí òye wọn ní ìpèníjà. Yunifásítì Ìbàdàn ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kan sì wà ní Ọ̀yọ́ tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí ni a dá a sílẹ̀ fún. Ẹ̀ka ìtọ́sọ́nà àti ìmọ̀ràn ń kọ́ àwọn tí yóò máa gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ àti ìgbé-ayé wọn. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àgbà ń kọ́ àwọn tí yóò máa darí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àti ètò ìdàgbàsókè ìlú. Ẹ̀ka ìṣàkóso ń kọ́ àwọn tí yóò ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ìjọ tí ó ní ilé-ìwé, ilé ọmọ aláìlóbìí tàbí kíláàsì àgbà kò lè wí pé òun kò nílò ọ̀kan nínú wọn.

Ṣé a tún ń lọ kọ́ eré ní yunifásítì?

Nínú gbogbo ẹ̀ka, èyí tí òbí ń fi rẹ́rìn-ín jù ni ti eré ìdárayá. "Ṣé torí kí o lè máa fọn fèrè fún àwọn ọmọ tí ń sáré ni mo ṣe ń san owó yunifásítì?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà níbẹ̀.

Orúkọ ẹ̀kọ́ náà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní ìpele NCE, Physical and Health Education ni, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní PHE. Ní Ìbàdàn, Èkó àti Ìlọrin, Human Kinetics ni a mọ̀ ọ́n sí. Ní Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa ìgbafẹ́ wọ inú orúkọ ẹ̀ka náà gan-an: Kinesiology, Health Education and Recreation. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ yóò kọ́ nípa egungun, iṣan, ọkàn àti èémí. Yóò kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, oúnjẹ tí ń ṣara lóore, bí a ti ń ṣètò ìdíje, bí a ti ń darí àgọ́ àwọn ọ̀dọ́, bí a ti ń tọ́jú pápá àti ohun èlò, àti eré tí ó bá ọmọdé, aláàbọ̀ ara àti àgbàlagbà mu.

Ẹ ronú nípa ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá, inter-house sports tí gbogbo wa fẹ́ràn. Ọmọ kan ṣubú nínú oòrùn. Ta ni yóò mọ̀ bóyá òùngbẹ ni, tàbí ooru, tàbí ọmọ náà ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tí kò yẹ kí ó sá eré gígùn bẹ́ẹ̀? Ta ni yóò ti ka ìwé ìlera gbogbo àwọn ọmọ kí ọjọ́ náà tó pé? Iṣẹ́ ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ni. Fèrè tí ó ń fọn kàn jẹ́ ohun tí ojú wa ń rí ni.

Iṣẹ́ wọn kò sì mọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ìpínlẹ̀, ibùdó ìgbafẹ́, ilé ìwòsàn àti ilé ìdárayá aládàáni ń gbà wọ́n síṣẹ́. Nínú Ìjọ wa pàápàá, ẹ wo àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tí wọ́n jókòó sílé láti àárọ̀ di alẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìdánìkanwà ń bá jà. Ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀rọ alágbèéká ti gba ojú àti etí wọn. Ní àtijọ́, eré òṣùpá, ayò, òkòtó, bojúbojú àti ìjàkadì ni ó ń kọ́ ọmọ bí a ti ń ṣẹ́gun láìgbéraga àti bí a ti ń pàdánù láìbínú. Kò sẹ́ni tí ó ṣètò rẹ̀. Agbo ilé ni ó ń ṣe é. Nísinsin yìí tí agbo ilé ti tú ká sínú àwọn ilé olódi, bí ẹnìkan kò bá kọ́ bí a ti ń kó ènìyàn jọ ṣeré, eré náà yóò parẹ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀.

Onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ rò pé ohun ayé lásán ni èyí. Nígbà tí wòlíì Sekaráyà rí bí Jerúsálẹ́mù yóò ti rí ní ọjọ́ ìmúbọ̀sípò, àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí ń ṣeré ní ìgboro wà lára ohun tí ó rí. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, láti ilé-ẹ̀kọ́ Onígbàgbọ́ ni ó ti wá. Ní oṣù kejìlá ọdún 1891, James Naismith, ẹni tí ó ti parí ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní Montreal ní Kánádà, jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ YMCA fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Springfield ní Amẹ́ríkà. Òtútù kò jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, ara wọn kò sì balẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó wá eré kan tí a lè ṣe nínú ilé. Ó kan apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ òkè, ó kọ òfin 13 sílẹ̀, ó sì gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ni Springfield College lónìí, ó sì ń fún ni ní oyè. Ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ àlùfáà ni ó ṣe ìyẹn, kò sì rò pé òun ti kúrò nínú iṣẹ́ Ọlọ́run.

Ọ̀nà tí a ń gbà wọlé

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. Èkíní ni ti ìdánwò JAMB. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní kírédíìtì márùn-ún nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ yóò wà lára wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ ní ìṣirò pẹ̀lú. Ọdún mẹ́rin ni yóò lò.

Èkejì ni ti NCE. Ọdún mẹ́ta ni a ń lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìwé-ẹ̀rí yìí sì ni ètò ìjọba àpapọ̀ kà sí ìpele tí ó kéré jù fún ẹni tí yóò jẹ́ olùkọ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ṣe dáadáa lè gba ọ̀nà tí a ń pè ní Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì, yóò sì lo ọdún mẹ́ta sí i. Ọ̀nà yìí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gba ibẹ̀ ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó tó wọ yunifásítì.

Ẹ̀kẹta wà fún ẹni tí ó ti gba oyè nínú ẹ̀kọ́ mìíràn, tí ó wá rí i pé ìkọ́ni ni ọkàn òun fẹ́. Ìwé-ẹ̀rí PGDE ni yóò lọ gbà ní yunifásítì tàbí lọ́dọ̀ National Teachers' Institute, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Kàdúná. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sì lè kọ́ ẹ̀kọ́ ìkọ́ni láti ilé nípasẹ̀ National Open University tàbí ibùdó ẹ̀kọ́ àtilérè ti Yunifásítì Ìbàdàn.

Lẹ́yìn oyè, ó ku ìforúkọsílẹ̀. Òfin ọdún 1993 ni ó dá àjọ TRCN sílẹ̀ láti máa ṣe ìdánwò fún àwọn olùkọ́ àti láti máa kọ orúkọ wọn sínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún àwọn dókítà àti agbẹjọ́rò. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń san owó ńlá ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè iye àwọn olùkọ́ ibẹ̀ tí wọ́n ní ìwé-ẹ̀rí yìí.

Ọ̀rọ̀ èrè

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń wí nínú ọkàn wọn pé, "Àlùfáà, owó ńkọ́?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Owó oṣù olùkọ́ kò tó iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti jẹ olùkọ́ ní gbèsè rí, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan, tí orúkọ Kristi wà lára pátákó wọn, sì ń san ohun tí ojú ń ti ni láti gbọ́. Wọ́n a wá máa sọ pé èrè olùkọ́ ń bẹ ní ọ̀run. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti sọ̀rọ̀ nípa ọ̀run kò rí ibi tí Ìwé Mímọ́ ti fi ọ̀run ṣe àwáwí fún ẹni tí kò fẹ́ san owó alágbàṣe. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ gbangba fún Tímótì pé owó iṣẹ́ tọ́ sí òṣìṣẹ́, Jákọ́bù sì kìlọ̀ fún àwọn tí wọ́n ń dá owó ọ̀yà dúró.

Síbẹ̀, nǹkan ti ń yí díẹ̀díẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọmọ ọdún 65 tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Láti ọdún 2023, ìjọba Ẹ̀ngílándì ti ṣí ọ̀nà fún olùkọ́ tí ó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà láti béèrè fún ìwé ìdánimọ̀ olùkọ́ ní ọ̀dọ̀ wọn, bí ó bá mú ìlànà wọn ṣẹ. Ohun tí a ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nílé ni àwọn ará òkè-òkun ń wá kiri. Bí a kò bá fún olùkọ́ ní ọ̀wọ̀ àti owó tí ó yẹ ẹ́, àwọn ẹlòmíràn yóò fún un, àwọn ọmọ wa ni yóò sì jókòó sí kíláàsì tí kò ní olùkọ́.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Ẹ̀yin òbí, ibi méjì ni a ti ń ba nǹkan jẹ́. Àwọn kan ń ti ọmọ tí kò ní sùúrù, tí kò fẹ́ràn ọmọdé, sínú ẹ̀kọ́ yìí nítorí pé máàkì JAMB rẹ̀ kò gbé e dé ibòmíràn. Àwọn kan sì ń fa ọmọ tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn náà sẹ́yìn nítorí ohun tí ará àdúgbò yóò sọ. Àwọn méjèèjì ń jẹ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ní gbèsè: àwọn kìíní fún un ní olùkọ́ tí kò yẹ, àwọn kejì gba olùkọ́ tí ó yẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ tó pinnu, ẹ wo ọmọ yín dáadáa. Ṣé òun ni àwọn àbúrò rẹ̀ ń sá tọ̀ bí iṣẹ́ àṣetiléwá bá le? Ṣé ó lè tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìbínú? Bí ó bá kó àwọn ọmọ jọ fún eré, ṣé èyí tí kò lè sáré náà máa ń rí ipò tirẹ̀ níbẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe dí i lọ́nà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi, a ń dáwó fún ẹnu ọ̀nà tuntun àti ilé ìpàdé, ó dára. Ẹ jẹ́ kí a tún fi owó sílẹ̀ lọ́dọọdún fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, àti fún èyí tí ó fẹ́ kọ́ ìdarí eré ìdárayá. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá wá ṣe T.P. ní ọgbà wa, ẹ jẹ́ kí a rí sí ibi tí wọn yóò sùn àti owó ọkọ̀ wọn, nítorí pé àtijẹ wọn ń le ní àkókò náà. Ẹ sì jẹ́ kí a dáàbò bo pápá wa. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí orí pápá wọn. Owó ṣọ́ọ̀bù náà kò sì lè ra ibi tí ọmọ yóò ti sáré.

Àwọn àgbà ní, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé tí a kọ́ ni ọgbà yìí, àwọn tí wọ́n kọ́ ọ fún wa kò kọ́kọ́ wá owó kí wọ́n tó wá olùkọ́. Fọ́ọ̀mù JAMB yóò tún jáde. Bí ọmọ yín bá jókòó tì í, tí ó kọ ìkọ́ni síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àkọ́kọ́ tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì san owó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.